Wọ́n ní ṣọ́tà kámẹ́rà bàbá yín ti kú? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan gbé kámẹ́rà bàbá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òkú bàbá náà tán. Yashica Mat-124G ni, irú èyí tó ní lẹ́ńsì méjì, ọ̀kan lórí èkejì, tí ayafọ́tò máa ń gbé kọ́ ọrùn tí á sì tẹrí ba láti wo inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni wọ́n ti bá a, nínú báàgì aláwọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti gbé e lọ síbì kan. Wọ́n ní ṣọ́tà ẹ̀ ti kú, pé ká lọ ra òmíì. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo yí apá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ń fa sìpíríǹgì ṣọ́tà le, mo tẹ bọ́tìnì. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e dojú kọ fèrèsé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn ewé irin tó wà láàárín lẹ́ńsì, tó jẹ́ ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orí fíìmù, kò mira. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lanu díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n wá ń pa dé díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣọ́tà tó bá ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, ìdọ̀tí ló ń bá a jà, kì í ṣe ikú.

Ọ̀rọ̀ "ti kú" yìí ló mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí kámẹ́rà tó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, tó ya ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú gbogbo àdúgbò, tí wọ́n wá sọ ọ́ sórí ààtàn nítorí ẹ̀kán epo kan. Àìsàn mélòó kan tó yàtọ̀ síra pátápátá ni wọ́n ń pè ní ikú ṣọ́tà, ọ̀kan nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe àìsàn rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é ná.

Ilẹ̀kùn tó ní aago nínú

Nígbà tí fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni kò ní ṣọ́tà. Ayafọ́tò á ní kí ẹni tó jókòó má mira, á ṣí ìdérí lẹ́ńsì, á kà á sínú, á sì dá ìdérí padà. Ohun tí wọ́n fi ń gba àwòrán nígbà náà kì í tètè mu ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ènìyàn tó iṣẹ́ náà ṣe. Ìgbà tí fíìmù wá yára, tó fi jẹ́ pé ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ń fẹ́ lójú oòrùn, kò sí ọwọ́ tó lè ṣí ìdérí kó sì pa á dé láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe ilẹ̀kùn kékeré tí sìpíríǹgì ń ṣí, wọ́n sì fi aago kékeré tì í lẹ́yìn, èyí tó ń sọ ìgbà tí yóò pa dé fún un.

Ilẹ̀kùn àti aago. Ibẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn lè há kí ara aago ṣì dá ṣáṣá. Aago sì lè máa falẹ̀ kí ilẹ̀kùn máa ṣí fàì. Bí ẹni tó fẹ́ bá yín tún un ṣe kò bá lè sọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú méjèèjì, ẹ gba kámẹ́rà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà ara kámẹ́rà náà máa ń da ènìyàn láàmú. 125 tí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 125. Ìdá kan nínú 125 ni, 1/125. 1 ni ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i ni ilẹ̀kùn ń tètè pa dé. Bí ẹ bá ti kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù sí ìdajì: ìlọ́po méjì ohun tí 1/125 ń gbà ni 1/60 ń gbà. Ti lẹ́tà B tó wà pẹ̀lú wọn yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá wà lórí bọ́tìnì, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí. Ẹ gbé ìka kúrò, ó pa dé. B kò bá aago ṣe rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti fi í ṣàyẹ̀wò. Bí ewé bá há lórí B, ẹ̀bi ilẹ̀kùn ni, aago kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Oríṣi méjì ni ilẹ̀kùn náà. Èkíní jẹ́ ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n tò yí ká àárín lẹ́ńsì, tó ń ṣí láti àárín síta bí òdòdó. Òun ló wà nínú Yashica Mat, nínú Rolleiflex, àti nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ tó ń ká bí àkọ́díọ́nù. Ilé iṣẹ́ Friedrich Deckel ní Munich, ní Jámánì, ló mú ṣọ́tà irú rẹ̀ tó ń jẹ́ Compur jáde ní 1912. Copal tí àwọn ará Jàpáànù ṣe, èyí tó wà nínú Yashica, ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Èkejì jẹ́ kọ́tìnì méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, níwájú fíìmù gan-an. Leica tó jáde ní 1925 ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú kámẹ́rà kékeré, òun náà ló sì wà nínú Zenit-E ti àwọn ará Rọ́ṣíà àti Pentax K1000 tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997. Màá máa pe ti àkọ́kọ́ ní eléwé, màá máa pe ti ìkejì ní oníkọ́tìnì.

Epo ni ọ̀tá ewé

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé irin yòówù tó bá ń há, epo ló ń fẹ́. Kẹ̀kẹ́ há, a kán epo sí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ há, a kán epo sí i. Nítorí náà bí ṣọ́tà bá há, ibi epo lọwọ́ ń lọ. Ibẹ̀ ni ayé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ti ń parí.

Ẹ wo ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí ó bá gbẹ, tí ẹ tò ó lé ara wọn, tí ẹ fa ọ̀kan, ọ̀kan náà nìkan ni yóò yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí omi tàbí epo díẹ̀ bá wà láàárín wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra; ẹ fa ọ̀kan, méjì á tẹ̀ lé e. Bí ewé irin inú ṣọ́tà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́lẹ́ bíi bébà, orí ara wọn ni wọ́n wà, sìpíríǹgì tó sì ń fà wọ́n kò lágbára kankan lọ títí. Gbígbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n láti máa ṣiṣẹ́. Epo tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti so wọ́n pọ̀.

Ẹnì kankan kò sì fi epo síbẹ̀. Gírísì tí ilé iṣẹ́ fi sí ibi tí lẹ́ńsì ti ń yí àti sí ìdí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago ni. Ooru ọdún púpọ̀, nínú àpótí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú bútù ọkọ̀, máa ń ya omi ara gírísì náà sọ́tọ̀, omi náà á wá máa rá pálá títí á fi dé orí ewé. Èyí tó kù lẹ́yìn á gan bí oje igi, òun ló ń mú aago falẹ̀. Gírísì kan náà ló ń ṣe ibi méjì: apá tó ṣàn dí ilẹ̀kùn, apá tó gan dí aago. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí òtútù bá mú, ẹ ó rí i pé kámẹ́rà náà túbọ̀ ń lọ́ra. Tó bá di ọ̀sán, tí ilẹ̀ gbóná, á yá díẹ̀. Àmì gírísì tó gan ni.

Etí àti ojú kí sikurudíráfà tó jáde

Ẹ yọ fíìmù. Ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tí a lè mú tóbi tàbí kéré, dé òpin, ẹ gbé e síwájú fèrèsé tó mọ́lẹ̀. Ẹ fi sí 1, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ara ṣọ́tà eléwé bá dá, ẹ ó gbọ́ "kí", lẹ́yìn náà ohùn tín-ín-rín kan bíi ti yànmùyánmú, tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà "kà". Ohùn yànmùyánmú yẹn ni aago. Bó bá ń lọ tó ń dúró, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń rẹ̀ ẹ́ lọ, aago ti dọ̀tí. Bó bá jẹ́ pé lórí 1/125 ó ṣí ó sì pa dé fíafía, ṣùgbọ́n tó ń dúró sọ́nà lórí 1, 1/2 àti 1/4, ara ilẹ̀kùn dá. Aago nìkan ni kí ẹ bá jà. Bí ewé bá sì ń lọ́ra lórí gbogbo nọ́ńbà, tó fi mọ́ B, ilẹ̀kùn ló há.

Fóònù yín lè sọ bó ṣe falẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ fóònù ló lè ya fídíò tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ya ṣọ́tà náà láti ẹ̀yìn, kí ẹ wá ka iye àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ti hàn. Lórí 1, ó yẹ kó tó 240. Lórí 1/30, mẹ́jọ. Lórí 1/60, mẹ́rin. Bí 1/30 bá fún yín ní mẹ́rìndínlógún, 1/15 ni kámẹ́rà yín ń ṣe tó ń pè é ní 1/30, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sì ti di ìlọ́po méjì. Fún 1/250 àti 1/500, fóònù kò yá tó wọn. Ẹ má fi í dá wọn lẹ́jọ́.

Èrò tèmi ni pé ṣọ́tà tó ń falẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo sàn ju èyí tó ń ṣe bó ṣe wù ú. Bí 1/125 bá ti di 1/60 tí kò sì yí padà, ẹ lè fi ìpele kan pa ojú lẹ́ńsì dé, fọ́tò á dára. Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù á tilẹ̀ gbà fún yín bí ẹ bá gbàgbé, pàápàá ti dúdú-òun-funfun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 1/60 láàárọ̀ tó di 1/15 nírọ̀lẹ́, kò sí ìṣirò tó lè gbà yín, àfi kí ẹ nu ún.

Bí mo ṣe nu ti Yashica náà

Epo láítà ni mo lò, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo kékeré fún láítà onírin. Kíá ló ń gbẹ, kì í sì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ń yára mú un: ẹ ṣí fèrèsé, kò sì gbọdọ̀ sí sítóòfù, àbẹ́là, sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fi bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì fọ irin. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irú irin yìí. Kẹrosíìnì ń fi epo sílẹ̀ lẹ́yìn, epo náà sì ni à ń sá fún. Ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ń yọ́ ike. Ọ̀pọ̀ sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn ni omi wà nínú rẹ̀, ewé irin á dípẹtà. Ní ti WD-40, epo inú agolo tí a ń fọ́n sí irin tó há, àti irú rẹ̀, ẹni tó bá fọ́n ọn sínú ṣọ́tà ti sọ iṣẹ́ ọ̀sán kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, torí epo ló tún fi kún epo.

Nínú Yashica yìí, lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Ti òkè, ti ojú yín ni. Gíláàsì iwájú lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ wà nínú òrùka kan tó ń yí jáde lódindi. Mo gé rọ́bà pẹlẹbẹ lára bàtà sílípáàsì àtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òrùka náà, mo yí i sápá òsì. Kò gbà. Mo fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kán epo láítà sí etí ibi tó ti so, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún dì í mú láìfagbára. Lẹ́ẹ̀kan náà ló jù sílẹ̀, lẹ́ńsì sì jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Lábẹ́ rẹ̀, ewé dúdú náà nìyẹn. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, mo rí ohun tí mò ń wá: àwọ̀ òṣùmàrè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èyí tí a ń rí lójú omi ọ̀gbàrá níbi tí ọkọ̀ ti jo epo.

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tó ń ká bí àkọ́díọ́nù ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó yí lẹ́ńsì yẹn jáde. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, yíyí tí gíláàsì iwájú ń yí gan-an ló ń mú kí àwòrán dá gaara. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà sí ibi tó wà, kí ẹ tún sàmì sí ibi tí òrùka ti já kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tún ṣọ́tà ṣe tán, fọ́tò á sì máa ṣú bàìbàì.

Mo ki igi òwú, irú èyí tí a fi ń nu etí, bọ inú epo láítà. Mo fún un kó má máa kán tó-tó, mo sì nu ewé náà láti àárín síta. Òwú náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ tíì. Mo yí apá, mo tẹ bọ́tìnì, ewé ṣí! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá lẹ́ńsì padà, tí wọ́n á sì ránṣẹ́ sí onífíìmù. Ẹ dúró ná. Nígbà tí epo láítà bá ṣì tutù lára ewé, ohun gbogbo ló ń yọ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mo padà dé, ó ti há. Epo láítà ti yọ́ epo àtijọ́ náà, ó gbé e káàkiri, ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wá gbẹ, ó fi ẹrù náà sílẹ̀ síbòmíì lórí ewé kan náà. Mo mú igi òwú tuntun, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é kí òwú tó jáde ní funfun, mo sì fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ sùn mọ́jú kí n tó gbà pé ó ti mọ́.

Nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ìka tàbí abẹ́rẹ́ ti ewé. Ẹ má rin ín gbìndìngbindin. Epo láítà tó bá pọ̀ á gbé gírísì lọ sí ojú gíláàsì ẹ̀yìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti rí ewé tí ẹnì kan fi ìbínú tì, tó tẹ̀ bí etí ìwé: ìyẹn gan-an ni ṣọ́tà tó bàjẹ́, ènìyàn ló sì bà á jẹ́.

Aago Yashica náà ṣòro í dé ju ewé lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí awọ iwájú kámẹ́rà kí ẹ tó rí àwọn sikúrù tó de pátákó iwájú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ṣọ́tà fúnra rẹ̀. Kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ sì to sikúrù sórí bébà bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ̀kán epo láítà kan sí ìdí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín, kí ẹ máa tẹ ṣọ́tà lórí 1 títí ohùn yànmùyánmú náà á fi dọ́gba. Àwọn tó mọṣẹ́ á wá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kán epo aago díẹ̀ sí ibi tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró lé. Bí ọwọ́ yín kò bá dá yín lójú, ẹ má kán nǹkan kan. Gbígbẹ sàn ju àṣejù lọ.

Àṣà méjì wà tó ń pa ṣọ́tà eléwé tí ara rẹ̀ dá. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, sìpíríǹgì kan wà tó jẹ́ pé orí eré tó yá jù lọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo 1/500, ẹ fi sí i kí ẹ tó yí apá. Bí ẹ bá ti yí apá tán kí ẹ tó fa nọ́ńbà lọ síbẹ̀, tipátipá lẹ ń gbé sìpíríǹgì náà. Èkejì ni apá kékeré tí ayafọ́tò máa ń fà kí òun náà lè sáré wọ inú fọ́tò. Ó ní aago tirẹ̀, aago náà sì ti gan lára kámẹ́rà tó bá ti dàgbà. Tó bá dúró sí àárín ọ̀nà, gbogbo ṣọ́tà ló máa tì pa. Ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìdajì fọ́tò dúdú bí kóró iṣin

Oníkọ́tìnì ló ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ jù lọ. Ẹ gbé e lọ sóde ìnáwó, ẹ de fíláàṣì mọ́ ọn, ìgbà tí fíìmù jáde, ìdajì ìyàwó mọ́lẹ̀, ìdajì kejì dúdú bí kóró iṣin. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo sanwó fún ẹnì kan láti tún irú rẹ̀ ṣe. Kámẹ́rà náà padà wá, dúdú kan náà sì tún padà wá pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ṣọ́tà náà.

Kọ́tìnì èkíní ń ṣí ojú fíìmù, èkejì ń tẹ̀ lé e láti bò ó. Bí eré tí ẹ fi sí bá lọ́ra, èkíní á ti dé òpin kí èkejì tó gbéra, nítorí náà ìgbà kan wà tí gbogbo ojú fíìmù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí eré bá yá, èkejì á gbéra nígbà tí èkíní ṣì wà lójú ọ̀nà, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò sì máa gba ojú fíìmù kọjá. Kọ́tìnì kì í sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Àlàfo ló ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Fíláàṣì ní tirẹ̀ ń kọ bíi mànàmáná, nǹkan bí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ nígbà tí àlàfo nìkan ló ṣí, ibi tí àlàfo wà nìkan ló máa mọ́lẹ̀. Lórí K1000, 1/60 ni eré tó yá jù lọ tí ẹ lè lò pẹ̀lú fíláàṣì. Lórí Zenit-E, 1/30. Eléwé kò ní wàhálà yìí, torí pé bó ti wù kó yá tó, ó ń ṣí dé òpin kó tó pa dé. Yashica bàbá náà lè lo fíláàṣì lórí 1/500, kó má sì sí dúdú kankan.

Bó bá wá jẹ́ pé lójú oòrùn, láìsí fíláàṣì, lórí 1/500 tàbí 1/1000 ni ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò ń ṣókùnkùn, àìsàn gidi nìyẹn. Kọ́tìnì èkejì ń lé èkíní bá, ó sì ń dí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé òpin. Gírísì tó gan ní ìdí igi tí kọ́tìnì ń ká mọ́ ló sábà ń fà á. Àwọn kan á kàn yí sikúrù ìsàlẹ̀ kámẹ́rà kí sìpíríǹgì lè le sí i. Kọ́tìnì á yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì ti fi kún ìnira aṣọ tó ti gbó. Ẹ bi oníṣẹ́ yín bóyá ó nu ún kó tó yí sikúrù. Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ bá pàdé.

Ihò tún wà. Leica, àti FED àti Zorki tí wọ́n ṣe ní Soviet ní àwòkọ rẹ̀, kò ní dígí tó ń gbé àwòrán lọ sójú ayafọ́tò níwájú kọ́tìnì wọn, oòrùn ilẹ̀ wa kò sì mọ̀ pé ẹrù olówó iyebíye ni. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìdé lẹ́ńsì, tí lẹ́ńsì dojú kọ oòrùn, á kó iná oòrùn jọ sójú kan, á sì lu aṣọ náà. Àmì funfun kan á wá máa hàn lójú kan náà nínú fọ́tò lẹ́yìn fọ́tò. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú kí ẹ wo ẹ̀yìn: ihò náà á tàn bí ìràwọ̀. Èyí tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ṣe é dí pẹ̀lú ọ̀dà rọ́bà dúdú tó ń tẹ̀, kí ẹ fi í sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ pátápátá kí kọ́tìnì tó ká. Bí aṣọ náà bá ti gan, tó ń fọ́ bí ewé gbígbẹ, pípààrọ̀ ló kù, iṣẹ́ ẹni tó ti ṣe é rí nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà tó ń lo iná lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Canon AE-1 tó jáde ní 1976 kì í ya rárá bí bátìrì bá ti tán. Á dúró gbọnin bí òkú. Yashica Electro 35 ti 1966 yóò ṣí, ṣùgbọ́n lórí 1/500 nìkan, fọ́tò inú ilé á sì máa ṣókùnkùn. AE-1 yìí kan náà ló máa ń hún bí ọmọ tí àyà ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní ṣọ́tà ni. Kì í ṣe ṣọ́tà. Jíà tó ń gbé dígí sókè ló ń ké nítorí epo ti tán ní ìdí rẹ̀, níbẹ̀ yẹn sì ni ẹ̀kán epo kan ti wúlò.

Sìpíríǹgì tó já, ewé tó tẹ̀, okùn kọ́tìnì tó ya: àwọn yẹn ni mo gbà pé ó bàjẹ́. Kódà wọ́n ṣì lóògùn bí ẹ bá rí kámẹ́rà irú rẹ̀ kan tí lẹ́ńsì rẹ̀ ti fọ́ tàbí tí olú ti hù sínú rẹ̀. Ẹ rà á, kí ẹ fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gba ìkejì là.

Nígbà tí Yashica náà ti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò sì há mọ́, mo ní kí àbúrò mi ra fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní 120, dúdú-òun-funfun. Fọ́tò méjìlá ló ń gbà. Mo ní kó gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó ya ògiri kan náà lójú ìmọ́lẹ̀ kan náà nígbà méje: 1/500 pẹ̀lú ojú lẹ́ńsì 4, 1/250 pẹ̀lú 5.6, 1/125 pẹ̀lú 8, bẹ́ẹ̀ títí dé 1/8 pẹ̀lú 32, kó sì kọ wọ́n sínú ìwé. Bí nọ́ńbà ojú lẹ́ńsì ṣe ń ga sí i ni ihò ń kéré sí i, nítorí náà bí ara ṣọ́tà bá dá, gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù méjèèje gbọ́dọ̀ dúdú bákan náà. Márùn-ún tó kù, ó fi wọ́n ya ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Fíìmù náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mẹ́fà dọ́gba. Èyí tó wà lórí 1/8 dúdú díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ló ń dúdú lára nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn ni pé gírísì díẹ̀ ṣì kù nínú aago. Ó máa gbé e padà wá lẹ́yìn Iléyá.